Svyatopolk Ọba Kiev: Àyẹ̀wò Ẹ̀sùn tí Ó Sọ Ọ́ di Ẹni Ègún

1.0 Ìfáàrà

Láàárín àwọn ọba tí ó jẹ ní ilẹ̀ Rus ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlá, kò sí èyí tí orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ tó ti Svyatopolk. Ilẹ̀ Rus tí à ń wí yìí ni ìjọba àtijọ́ tí ó fi Kiev ṣe olú-ìlú, tí àwọn ará Rọ́ṣíà, àwọn ará Yukréènì àti àwọn ará Bẹ̀lárùùsì sì ń tọpa ìtàn wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lónìí, Kiev wà ní Yukréènì, Novgorod wà ní Rọ́ṣíà, Turov tí Svyatopolk kọ́kọ́ jọba lé lórí sì wà ní Bẹ̀lárùùsì. Orúkọ ìnagijẹ tí àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ náà fún un ni Okayannyi, èyí tí a lè túmọ̀ sí Ẹni Ègún. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó pa mẹ́ta nínú àwọn àbúrò rẹ̀ nítorí oyè: Boris, Gleb àti Svyatoslav.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ni ó máa ń gba irú ọ̀rọ̀ báyìí gbọ́ láìwádìí nítorí pé inú ìwé ni a ti bá a. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti pe àwọn ẹlẹ́rìí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí á wo ibi tí olúkúlùkù wọn dúró sí, kí á tó dájọ́. A kò wá láti gbèjà apànìyàn. Ohun tí a ń wá ni ibi tí ẹ̀rí parí sí àti ibi tí ègún ti bẹ̀rẹ̀.

2.0 Ìbí Svyatopolk àti Ìgbà Èwe Rẹ̀

Orísun tí ó tóbi jù lọ fún ìtàn yìí ni ìwé tí a lè pè ní Ìtàn Àwọn Ọdún Àtijọ́, tí àwọn mọ́ńkì kó jọ ní Kiev ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìlá. Gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ti wí, ará Gíríìkì ni ìyá Svyatopolk. Ó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ ìsìn gẹ́gẹ́ bí mọ́ńkì obìnrin rí kí ogun tó kó o. Ọba Svyatoslav ni ó mú un wá sí ilé, ó sì fi í fún ọmọ rẹ̀ Yaropolk nítorí ẹwà rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 978 sí 980, ìjà oyè dé sáàárín Yaropolk àti Vladimir tí í ṣe ọbàkan rẹ̀. Vladimir tan Yaropolk wá sí ìpàdé àlàáfíà. Bí ó ti ń wọlé ni àwọn Varangian méjì gún un ní idà. Varangian ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn jagunjagun Skandinéfíà tí wọ́n ń fi ogun jíjà ṣiṣẹ́ ṣe. Vladimir gba oyè, ó sì gba aya òkú. A kò lè pe èyí ní opó ṣíṣú bí àwa ti mọ̀ ọ́n, nítorí pé ẹni tí ó pa ọkọ ni ó mú aya. Ìwé náà ní obìnrin yìí ti lóyún kí Vladimir tó mú un, àti pé nítorí èyí Svyatopolk jẹ́ ọmọ bàbá méjì, ẹni tí Vladimir kò sì fẹ́ràn.

Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ níbí. Òǹkọ̀wé náà fi ẹ̀ṣẹ̀ ìbí yìí ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí ó kù. Lójú tirẹ̀, ọmọ tí a bí báyìí kò lè yà sí rere. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ta ni ó ṣẹ̀ nínú rẹ̀? Vladimir ni ó pa arákùnrin rẹ̀, òun kan náà ni ó sì gba aya rẹ̀. Vladimir yìí ni ó wá ṣe ìrìbọmi ní nǹkan bí ọdún 988, tí ó sọ ilẹ̀ Rus di ilẹ̀ onígbàgbọ́, tí Ìjọ sì kà mọ́ àwọn ẹni mímọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ bàbá wẹ̀ nù nínú omi ìrìbọmi. Ọmọ inú oyún ni ó jogún ègún.

Nígbà tí Svyatopolk dàgbà, Vladimir fi í jọba ní Turov. Ó fẹ́ ọmọbìnrin Bolesław, alákòóso Póláńdì tí wọ́n ń pè ní Akíkanjú. Bíṣọ́ọ̀bù kan tí ń jẹ́ Reinbern, láti Kołobrzeg, bá ìyàwó náà wá. Láìpẹ́, Vladimir fura pé Svyatopolk àti àna rẹ̀ ń gbìmọ̀ ọ̀tẹ̀, ó sì ju Svyatopolk, aya rẹ̀ àti bíṣọ́ọ̀bù náà sẹ́wọ̀n. Inú ẹ̀wọ̀n ni Reinbern kú sí.

3.0 Ìjà Oyè láti 1014 sí 1019

Svyatopolk nìkan kọ́ ni ó bá bàbá jà. Ní 1014, Yaroslav tí ó ń ṣàkóso Novgorod kọ̀ láti san ìṣákọ́lẹ̀ 2,000 grivna tí ìlú náà máa ń san sí Kiev lọ́dọọdún. Grivna ni ìwọ̀n fàdákà tí wọ́n fi ń ka owó nígbà náà. Vladimir pàṣẹ kí wọ́n tún ọ̀nà ṣe, kí wọ́n sì tẹ́ afárá, nítorí pé ó fẹ́ gbógun lọ bá ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ránṣẹ́ sí òkè òkun láti bẹ àwọn Varangian lọ́wẹ̀. Àìsàn bàbá ni kò jẹ́ kí ogun náà wáyé.

Vladimir wàjà ní Berestovo lẹ́bàá Kiev ní ọjọ́ 15 oṣù keje, ọdún 1015. Àwọn ará ààfin fi ikú rẹ̀ pamọ́ nítorí pé Svyatopolk wà ní Kiev. Wọ́n fi ẹní aláràbarà wé òkú náà, wọ́n dá ilẹ̀ pákó lu, wọ́n fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìjọsìn Ìyá Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ikú ọba kì í ṣe ohun tí a ń fi pamọ́ pẹ́. Svyatopolk gorí oyè, ó sì ń pín ẹ̀bùn fún àwọn ará ìlú.

Nígbà náà Boris ń bọ̀ láti ojú ogun tí bàbá rẹ̀ rán an lọ bá àwọn Pecheneg, ìyẹn àwọn darandaran ajagun inú ọ̀dàn. Etí odò Alta ni ìròyìn ti bá a. Àwọn ẹ̀ṣọ́ bàbá rẹ̀ tí wọ́n wà lọ́dọ̀ rẹ̀ rọ̀ ọ́ pé kí ó lọ gba Kiev. Ó ní òun kò ní na ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n òun, pé bí bàbá ti lọ, ẹ̀gbọ́n ni bàbá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ fi í sílẹ̀, wọ́n tú ká. Gẹ́gẹ́ bí ìwé àwọn mọ́ńkì ti wí, Svyatopolk rán Putsha àti àwọn ará Vyshgorod sí i lóru, wọ́n sì gún un mọ́ inú àgọ́. George, ìránṣẹ́ rẹ̀ tí ó jẹ́ ará Họ́ngárì, dà bò ó láti gbà á sílẹ̀. Wọ́n pa òun náà, wọ́n sì gé orí rẹ̀ kí wọ́n lè bọ́ ẹ̀gbà wúrà tí Boris fi sí i lọ́rùn. Ọjọ́ 24 oṣù keje ni Ìjọ ń ṣe ìrántí ikú Boris.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Gleb pé bàbá rẹ̀ ń ṣàìsàn, kí ó máa bọ̀. Nítòsí Smolensk ni wọ́n ti pa á nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tí ń se oúnjẹ fún un ni wọ́n mú kí ó fi ọ̀bẹ dúńbú rẹ̀. Svyatoslav sá gba ọ̀nà Họ́ngárì, wọ́n lé e bá, wọ́n sì pa á.

Yaroslav kó ogun wá láti Novgorod. Ní 1016, àwọn ọmọ ogun méjèèjì dojú kọ ara wọn ní Lyubech, odò Dnieper wà láàárín wọn fún oṣù mẹ́ta. Yaroslav borí, Svyatopolk sì sá lọ sí ọ̀dọ̀ àna rẹ̀. Ní 1018, Bolesław ṣẹ́gun Yaroslav ní odò Bug, ó sì gbé Svyatopolk padà wọ Kiev. Yaroslav bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ dé Novgorod. Ó fẹ́ sá kọjá òkun, àfi ìgbà tí àwọn ará ìlú gé àwọn ọkọ̀ rẹ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ní àwọn yóò tún jà. Bolesław padà sí ilé, Yaroslav sì tún dé. Ní 1019 ni ìjà àjàkẹ́yìn wáyé ní etí odò Alta kan náà, Svyatopolk sì sá. Ìwé náà ní ìbẹ̀rù mú un débi pé kò lè gun ẹṣin mọ́, wọ́n ń fi àga gbé e, ó sì ń pariwo pé wọ́n ń lé òun bọ̀. Inú aginjù kan láàárín Póláńdì àti Bohemia ni wọ́n ní ó kú sí, tí òórùn burúkú sì ń jáde láti inú ibojì rẹ̀.

4.0 Àwọn Ẹlẹ́rìí

4.1 Ìwé àwọn mọ́ńkì Kiev

Ohun tí a sọ nípa ikú àwọn ọmọba lókè yìí, láti inú ìwé Kiev àti àwọn ìwé méjì tí a kọ nípa ìwà mímọ́ Boris àti Gleb ni ó ti wá. Ẹ jẹ́ kí á wo ìgbà tí wọ́n kọ wọ́n. Yaroslav jọba títí di 1054, kò sì sí ọba Kiev kan lẹ́yìn rẹ̀, láti ìgbà náà títí tí wọ́n fi parí ìwé náà, tí kò bá a tan: àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, àti ìbátan rẹ̀ kan tí ó fi oṣù díẹ̀ gba oyè ní 1068. Ẹni tí ó ṣẹ́gun ni ilé rẹ̀ bọ́ àwọn tí wọ́n kọ ìtàn. Èyí kò sọ pé irọ́ ni wọ́n pa, ṣùgbọ́n kò sí bí wọn ì bá ti kọ ọ́ tí Yaroslav yóò fi jẹ̀bi.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà níbẹ̀. Àwa Yorùbá ní ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ní 1050, nígbà tí Yaroslav ṣì wà láyé, ọmọ rẹ̀ Izyaslav bí ọmọkùnrin kan, Svyatopolk sì ni wọ́n sọ ọ́. Ọmọ yìí jọba ní Kiev láti 1093 sí 1113. Ta ni yóò sọ ọmọ rẹ̀ ní orúkọ ẹni tí gbogbo ìlú ń fi bú? Bákan náà, Hilarion tí ó di olórí Ìjọ Kiev ní 1051 kọ ìwàásù kan tí ó fi yin Vladimir àti Yaroslav, kò sì mẹ́nu kan Boris àti Gleb níbẹ̀. Ó jọ pé ègún náà kò tíì le tó bẹ́ẹ̀ nígbà ayé Yaroslav. Ó ń le sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún.

4.2 Thietmar ti Merseburg

Thietmar jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ní Merseburg ní ilẹ̀ Jámánì, ó sì kú ní 1018. Kò sí òǹkọ̀wé mìíràn tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà tó o. Ó jọ pé ẹnu àwọn ará Saxony tí wọ́n bá Bolesław wọ Kiev ni ó ti gbọ́ ìròyìn. Òun ni ó sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n fún wa; ìwé àwọn mọ́ńkì kò mẹ́nu bà á. Ó ní nígbà tí Vladimir kú, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì pín ogún, ẹ̀kẹta wà ní ẹ̀wọ̀n, tí ó padà já, tí ó fi aya sílẹ̀, tí ó sì sá tọ àna rẹ̀ lọ. Kò sọ ohunkóhun nípa pípa Boris àti Gleb.

Orí ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn kan dúró lé. Wọ́n ní ẹni tí ó wà ní ẹ̀wọ̀n kò lè rán apànìyàn.

4.3 Ìtàn Eymund

Ẹlẹ́rìí kẹta ti ọ̀nà jíjìn wá. Ní Áísílándì, nínú ìwé aláwọ ẹran ńlá kan tí wọ́n kọ ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá, ìtàn Eymund ará Nọ́wè wà, ẹni tí ó lọ fi ogun jíjà sin ọba Jarizleif ní Novgorod. Kò sí iyè méjì pé Yaroslav ni Jarizleif. Ọ̀tá rẹ̀ ni arákùnrin rẹ̀ kan tí ń jẹ́ Burizlaf. Ìtàn náà ní Eymund yọ́ wọ inú àgọ́ Burizlaf lóru, ó pa á, ó sì gbé orí rẹ̀ wá fún Jarizleif.

Ní 1957, òpìtàn Rọ́ṣíà kan, N. N. Ilyin, gbé èrò kan kalẹ̀ tí ó mi ìtàn àtijọ́ náà jìgìjìgì: bí Burizlaf bá jẹ́ Boris, a jẹ́ pé Yaroslav ni ó ní kí wọ́n pa á. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí rẹ̀.

5.0 Ìwọ̀n Ẹ̀rí

Ní tiwa, èrò Ilyin kò dúró dáadáa lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Èkíní, nínú ìtàn Eymund, Burizlaf ni ó ń jọba ní Kiev. Boris kò jọba ní Kiev rí. Svyatopolk ni ó jọba níbẹ̀. Burizlaf bá Jarizleif jagun léraléra, ṣùgbọ́n Boris kú kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Orúkọ Burizlaf tilẹ̀ fara jọ ti Bolesław, àna Svyatopolk, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn asọ̀tàn ti da orúkọ àwọn méjèèjì pọ̀. Èkejì, bí a bá gba ọjọ́ tí Ìjọ ń ṣe ìrántí gbọ́, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni ó wà láàárín ikú Vladimir àti ikú Boris. Kiev sí Novgorod ju 800 kìlómítà lọ. Ìròyìn ikú kò lè dé ibẹ̀, kí apànìyàn tún padà dé Alta, láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án pẹ̀lú ẹṣin àti ọkọ̀ ojú omi ìgbà náà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n ńkọ́? Ìwé àwọn mọ́ńkì fúnra rẹ̀ ni ó ní Svyatopolk wà ní Kiev, kì í ṣe ní Turov, nígbà tí bàbá kú, èyí sì bá ọ̀rọ̀ Thietmar mu pé abẹ́ ìṣọ́ ni ó wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní ẹ̀wọ̀n ní Kiev lè jáde ní ọjọ́ tí ẹni tí ó tì í mọ́lé bá kú. Thietmar kò sì sọ ọjọ́ tí ó sá. Òun kan náà ni ó fi yé wa pé ní 1018, ọmọbìnrin Bolesław wà lọ́wọ́ Yaroslav, tí bàbá rẹ̀ sì ń fẹ́ fi àwọn obìnrin ilé Yaroslav pààrọ̀ rẹ̀. Èyí lè jẹ́ pé lẹ́yìn ogun Lyubech ní 1016 ni ọkọ rẹ̀ fi í sílẹ̀ sá lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n kò gba Svyatopolk sílẹ̀ lórí ikú Boris. Àwọn owó fàdákà tí orúkọ rẹ̀ wà lára wọn pàápàá wà títí di òní láti fi hàn pé ó jókòó lórí oyè. Àmì oníga méjì ni ó wà lára wọn, kì í ṣe oníga mẹ́ta bíi ti Vladimir. Àwọn onímọ̀ kan rò pé ó fi èyí sọ pé ọmọ Yaropolk ni òun.

Nítorí náà, lórí ikú Boris, ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Svyatopolk wà nítòsí, àyè wà fún un, Boris ni àwọn ẹ̀ṣọ́ bàbá sì fẹ́ fi jọba. Ṣùgbọ́n lórí ti Gleb, ọ̀nà kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Apá àríwá ni wọ́n ti pa á, ìwé àwọn mọ́ńkì sì ní Yaroslav ni ó ránṣẹ́ kìlọ̀ fún un. Ẹlẹ́rìí tí ó jẹ́ pé òun ni ó jèrè ikú gbogbo wọn kò tó ẹlẹ́rìí. Ní ti Svyatoslav, gbólóhùn kúkurú lásán ni a rí. Bẹ́ẹ̀ ni jíjèrè kò sọ ènìyàn di apànìyàn. Ohun tí a lè sọ ni pé ẹ̀rí tí ó dúró fún ikú kan ni wọ́n nà dé orí ikú mẹ́ta.

A tún ní láti bèèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ ìtàn Eymund. Bí Burizlaf bá jẹ́ Svyatopolk, a jẹ́ pé kò kú ní aginjù. Àwọn jagunjagun Yaroslav ni wọ́n pa á nínú àgọ́ rẹ̀ lóru, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti pa Boris. Ìtàn náà pẹ́ púpọ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́, a kò sì lè fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Síbẹ̀, ikú tí ẹnikẹ́ni kò rí, ní ilẹ̀ tí kò lórúkọ, rọrùn jù fún ẹni tí ó fẹ́ kí ọwọ́ òun mọ́.

6.0 Ìwúlò Ègún

Kí ni wọ́n fẹ́ fi ègún yìí ṣe? Ìtàn ọdún tí ó tẹ̀lé e yóò dáhùn. Yaroslav àti arákùnrin rẹ̀ Mstislav jà ní Listven ní 1024, wọ́n sì pín ilẹ̀ náà sí méjì ní etí Dnieper ní 1026. Mstislav kú ní 1036. Ọdún náà gan-an ni Yaroslav ti arákùnrin rẹ̀ tí ó kù, Sudislav, mọ́ ẹ̀wọ̀n ní Pskov. Ó lé ní ogún ọdún tí ó fi wà níbẹ̀. Ní 1059 ni àwọn ọmọ Yaroslav tú u sílẹ̀, lẹ́yìn tí ó búra pé òun kò ní du oyè, ó sì di mọ́ńkì. Yaroslav yìí ni ìtàn ń pè ní Ọlọ́gbọ́n.

Ní 1072, àwọn ọmọ Yaroslav mẹ́ta, Izyaslav, Svyatoslav àti Vsevolod, péjọ ní Vyshgorod, wọ́n sì gbé egungun Boris àti Gleb lọ sí ilé ìjọsìn tuntun. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà yé gbogbo ènìyàn: kí àbúrò má ṣe na ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n, kí ẹ̀gbọ́n má sì ṣe ta ẹ̀jẹ̀ àbúrò sílẹ̀. Ní 1073, kò ju ọdún kan lọ, àwọn àbúrò méjì yìí lé Izyaslav ẹ̀gbọ́n wọn kúrò ní Kiev.

Ilé tí àwọn ọmọ bàbá kan ti ń bá ara wọn jà nílò ẹnìkan tí gbogbo wọn lè tọ́ka sí pé òun ni ìkà. Svyatopolk kò lọ́mọ lórí oyè tí yóò gbẹnu sọ fún un, ìbí rẹ̀ sì ti lábùkù lójú àwọn mọ́ńkì. Ohun tí Vladimir ṣe sí Yaropolk, òun ni wọ́n ní Svyatopolk ṣe sí Boris. Bàbá di ẹni mímọ́, ọmọ di ẹni ègún.

7.0 Ìkádìí

Èrò wa ni pé ó ṣeé ṣe gan-an kí Svyatopolk jẹ̀bi ikú Boris. Pé ikú Gleb àti Svyatoslav kò ní ẹlẹ́rìí kejì. Àti pé ẹ̀ṣẹ̀ ìbí tí wọ́n dì rù ú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ rárá. Èyí kò dín ọ̀wọ̀ Boris kù. Ọmọkùnrin tí ó ní ogun lẹ́yìn, tí ó kọ̀ láti jà nítorí ọ̀wọ̀ ẹ̀gbọ́n, yẹ ní ẹni à ń rántí, ẹni yòówù kí ó pa á.

Fún àwa olùkọ́, ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò ṣòro. Nígbà tí a bá kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ọba kan tí gbogbo ayé ń bú tàbí tí gbogbo ayé ń yìn, kí á jẹ́ kí wọ́n bèèrè ohun mẹ́ta: ta ni ó sọ ọ́, ìgbà wo ni ó sọ ọ́, lábẹ́ òrùlé ta ni ó sì jókòó nígbà tí ó ń sọ ọ́? Ọmọ tí ó bá lè bèèrè èyí nípa ọba Kiev yóò lè bèèrè rẹ̀ nípa ọba ìlú tirẹ̀ náà. Òkú kò lè padà wá rojọ́. Àwa tí a ń ka ìwé ni a gbọ́dọ̀ fi ìhà kejì ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún un.